Ọ̀pẹ Ọba ní Àfonífojì Viñales

Ọ̀pẹ ọba, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Roystonea regia, ni igi orílẹ̀-èdè Kúbà. Àwòrán rẹ̀ wà lára àmì ìjọba wọn. Ibi tí mo ti rí i tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni àfonífojì Viñales, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. 

Ọ̀pẹ yìí tó bá dàgbà tán a máa ga tó mítà 20 sí 30. Ara rẹ̀ ò rí págunpàgun bíi ti ọ̀pẹ elépo. Ó ń dán, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, àfi bí òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ìbú rẹ̀ ò dọ́gba: ó wú díẹ̀ láàárín, ó tún wá fún bó ṣe ń lọ sókè. Níbi tí ara funfun yìí parí sí, ẹ̀yà kan tó tutù yọ̀yọ̀ gbà á, tó gùn tó nǹkan bí mítà 2. Ìdí àwọn imọ̀ rẹ̀ ló wé mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni imọ̀ bíi 15 ti ń tàn ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gùn tó mítà 4. Ewé ara imọ̀ náà ò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjì péré. Èyí kọjú síbí, ìyẹn kọjú sọ́hùn-ún, ìdí nìyí tí orí igi náà fi kún tó sì rọ̀ lójú.

Ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ kò lè mọ bí imọ̀ náà ṣe gùn tó. Àgbẹ̀ kan tó ń gé èso rẹ̀ ló là mí lójú. Okùn méjì ló fi ń gùn ún, ọ̀kan fún itan, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Bó bá gbára lé ọ̀kan, á ti èkejì sókè. Ó yàtọ̀ sí igbà àwọn akọpẹ wa, tó máa ń yí igi àti ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún ká. Èso náà wẹ́wẹ́, ó máa ń dúdú bó bá pọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í bọ́.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó rí àlejò tó ń wòran, ó wọ́ imọ̀ kan tó ti já bọ́ wá síwájú mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ tì í. Mo dùbúlẹ̀. Òun náà dùbúlẹ̀, ó fi orí ti ẹsẹ̀ mi. Imọ̀ náà ṣì gùn ju àwa méjèèjì lọ. Lẹ́yìn náà ló ya ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ kúrò, ó tẹ́ ẹ fún mi kí n jókòó. Yagua ni wọ́n ń pè é, òun ni àwọn olóko tábà àgbègbè náà fi ń di ẹrù wọn. Imọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń bo ilé, wọ́n sì ń fi pákó igi rẹ̀ ṣe ògiri. Èèyàn tí kò mọ̀ mí rí pa iṣẹ́ tì lọ́sàn-án gangan kí n lè mọ igi rẹ̀. Inú mi dùn gan-an.

Bó ṣe gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó na ìka sókè: “Changó.” Lọ́dọ̀ àwọn Lùkùmí, tí wọ́n jogún ẹ̀sìn òrìṣà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, orí ọ̀pẹ ọba ni Ṣàngó ń jókòó sí. Nílé, igi àyàn la mọ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí àwọn Lùkùmí fi yan ọ̀pẹ ọba fún un ò ṣòro mọ̀ ní Viñales: kò sí igi mìíràn tó ga tó o ní pápá náà, àrá sì sábà máa ń bá ohun tó bá ga jù. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Roystonea oleracea, tí Dom João, ọmọ ọba Pọtogí, gbìn sí ọgbà ewéko Rio de Janeiro lọ́dún 1809, àrá ló pa á lọ́dún 1972. Àwọn tí wọ́n kó lọ láìmú igi àyàn dání mọ ibi tó yẹ Ṣàngó.

Wọ́n ti ń gbin ọ̀pẹ ọba kiri àgbáyé fún ẹwà, títí kan Nàìjíríà, níwájú ilé ìtura àti lẹ́bàá títì. Ó yẹ ibẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń sún un mọ́ ògiri jù. Imọ̀ tó bá gbó máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ó sì wúwo. Kí ẹni tó fẹ́ gbìn ín fi àyè tó ju gígùn imọ̀ kan lọ sáàárín igi náà àti ilé, kó má sì ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ rẹ̀.