Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Tò

Ìlà mẹ́ta ni mo ti tò rí tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rù kóbókò ló mú mi tò sí ti àkọ́kọ́. Èkejì, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀kẹta, ebi ló tì mí lọ. Ọkùnrin kan náà ló sì wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 1984, mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Mùṣin. Àǹtí Mùṣin la máa ń pè é. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì nígbà náà mọ̀ pé ogun ni wíwọ mólúè. Ojú fèrèsé ni àwọn géńdé ń gbà wọlé. Aboyún á dúró títí, arúgbó á dúró títí, àwọn jáwójáwó á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àǹtí mú mi débẹ̀ lọ́dún yẹn, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Sójà mẹ́ta ló dúró ti kóbókò lọ́wọ́. A tò lẹ́yìn ara wa bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ìyá arúgbó kan tó wà níwájú wa ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì ríbi jókòó.

Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ló ti gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Igbákejì rẹ̀, Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, ló sì kéde ogun lórí ìwàkiwà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1984. Wáì la mọ ogun náà sí. Inú Àǹtí mi dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá wọn!" ló ń wí nínú ọkọ̀. "Irú ìjọba tó yẹ wá gan-an nìyí. Ọmọ Nàìjíríà ò gbọ́ ohùn, pàṣán ni wọ́n ń gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀, Bàbá Kẹ́hìndé, tó jẹ́ akọ̀wé níbi iṣẹ́ ìjọba kan, pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́nà. Sójà kan tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ ní kó lóṣòó, kó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó sì máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọgbà ká, lójú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó délé lálẹ́, kò fọwọ́ kan èbà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wálé la ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ "Bàbá wọn" lẹ́nu Àǹtí mọ́. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ohun kan yé mi lálẹ́ ọjọ́ náà: gbogbo ẹni tó ń ké pe pàṣán, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ń rò.

Ìtìjú Bàbá Kẹ́hìndé kéré lára ohun tí ìlà yẹn ná wa. Ìjọba náà ṣe òfin kan, Dìkíríì nọ́ńbà 4, tó lè gbé oníròyìn lọ sẹ́wọ̀n bí ohun tó kọ bá kan òṣìṣẹ́ ìjọba lójú. Oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, ṣẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ìjọba lókè òkun ni wọ́n kọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n tún yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, ikú kọ́ ni ìjìyà rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjọba tó ṣòfin, tí wọ́n sì fa òfin náà sẹ́yìn kó lè bá wọn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ Buhari lé e kúrò. Sójà kúrò ní Òṣòdì. Ìlà tú. Àwọn géńdé padà sójú fèrèsé. Ìbẹ̀rù la fi to ìlà yẹn, ìbẹ̀rù kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀ sẹ́yìn bó bá ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń kà mí lè bi mí pé, kí ló wá mú mi to ìlà kejì? Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015 ni, n'Íbàdàn. Mo ti jí láago márùn-ún, mo sì tò láàárín àwọn aládùúgbò mi láti dìbò fún Buhari yìí kan náà. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok lọ́dún tó ṣáájú, Boko Haram ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá ìlà-oòrùn, ìròyìn owó tó sọnù sì ti sú wa í gbọ́. A ní ẹni tó le la fẹ́. A ní sànmánì ti yí padà, pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà, ilé-ẹjọ́ wà. A fẹ́ kóbókò náà, àmọ́ a fẹ́ kó wà nínú àpò òfin. Ẹni 15,424,921 ló dìbò fún un, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ará ìlú fi ìbò yọ ààrẹ tó wà lórí oyè ní Nàìjíríà. Mo jó lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀.

Ká fún un ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun gba ọ̀pọ̀ ìlú padà lọ́wọ́ Boko Haram. Rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2021. Lọ́dún 2018, ó sọ June 12 di ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa, ó sì fi oyè tó ga jù lọ dá M.K.O. Abíọ́lá lọ́lá, ohun tí àwọn tí a pè ní olóṣèlú gidi kò ṣe. Nígbà tí ọdún mẹ́jọ rẹ̀ sì pé, ó lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì parí. Ohun tí alágbára kọ́kọ́ ń ṣèlérí ni pé òun yóò yára. Oṣù márùn-ún ààbọ̀ la fi dúró kó tó ní mínísítà. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti bodè ilẹ̀ pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní Ìmẹ̀kọ àti Kétu mọ̀ pé òyìnbó ló fa ìlà bodè náà gba àárín ilé kan náà kọjá. Ìrẹsì tí a tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó wọ́n sí i. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n tú El-Zakzaky, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí Ṣíà, sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2016, àtìmọ́lé ló ṣì wà títí di ọdún 2021. Nígbà tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí ààrẹ kọ rẹ́, ìjọba ti Twitter pa mọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè fún oṣù méje. Ẹni tó bá ti gbogbo ẹnu pa, etí ara rẹ̀ ló dí.

Etí dídí yẹn ló bí ìlà kẹta. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba ní òun yóò pa àwọ̀ owó dà, pé 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ kò ní í ṣe é ná mọ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú: kí àwọn olóṣèlú má lè fowó ra ìbò, kí ajínigbé má rówó gbà. Àmọ́ nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, owó tuntun kò sí. Láago márùn-ún ìdájí ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, mo tò láti gba owó ara mi. Ìyá aláta kan wà níwájú mi. Ó ní ata òun ti ń jẹrà lọ́jà nítorí ẹni tó fẹ́ rà á kò rí owó mú dání. Nígbà tó di ọ̀sán, báńkì ní owó ti tán. A lọ bá àwọn oní-POS, a fi owó ra owó.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì pé kí wọ́n dá òfin náà dúró ná. Ní ọjọ́ 16, ààrẹ bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ó ní 200 náírà nìkan ni òun gbà láàyè. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni adájọ́ méje wá dá a lẹ́bi pátápátá, wọ́n ní owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di òpin ọdún. Odindi ọjọ́ mẹ́wàá ló tún kọjá kí báńkì àpapọ̀ tó sọ pé òun gbà. Adájọ́ méje tí kò ní kóbókò, tí a máa ń bú pé wọ́n ń fa ẹjọ́ gùn, àwọn ló tú wa sílẹ̀ lórí ìlà.

Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ mọ̀ tipẹ́ pé alágbára gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò dá a dúró. Wọ́n pe ọba ní Kábíyèsí, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi. Síbẹ̀, wọ́n fi Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè, tì í. Bí ìlú bá kọ̀ ọ́, Baṣọ̀run, olórí ìgbìmọ̀ náà, yóò gbé igbá fún un, ọba tó bá sì gba igbá, wíwàjà ló kù. Ibi tí ọgbọ́n náà ti yingin ni ìgbà tí ẹni tó ń gbé igbá fún ọba fúnra rẹ̀ di alágbára. Ta ni yóò gbé igbá fún Baṣọ̀run Gáà? Kò sí. Ọba lórí ọba ló tipasẹ̀ rẹ̀ wàjà, ogun ni Aláàfin Abíọ́dún sì fi borí rẹ̀ lọ́dún 1774. Wọ́n máa ń fi ikú Gáà kọ́ wa lọ́mọdé pé ká má ṣèkà. Lágbà mi, ẹ̀kọ́ mìíràn ni mo ń rí níbẹ̀: ìlú tí kò bá ní ọ̀nà tútù láti gba agbára lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀nà gbígbóná ni yóò gbà.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nípa Nayib Bukele, ààrẹ El Salvador. "Dádì, irú ẹni tí a nílò rèé," ló kọ sí i. Mi ò lè bá a jà. Wọ́n ti jí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé rí, ilé ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbà. Òótọ́ sì ni pé orílẹ̀-èdè tí ìpànìyàn ti burú jù lọ láyé lọ́dún 2015 ti di ibi tí èèyàn ń rìn lóru. Mo kàn fèsì pé láti oṣù Kẹta ọdún 2022 tí wọ́n ti ti ẹ̀tọ́ aráàlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tí wọ́n kó ti ju 80,000 lọ, àwọn aláìṣẹ̀ sì wà nínú wọn. Mo ní lóṣù Keje ọdún 2025, ilé aṣòfin ibẹ̀ yọ gbèdéke kúrò lórí iye ìgbà tí ààrẹ lè dupò. Mo wá bi í pé: bó bá ṣìṣe lọ́la, ta ni yóò gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀? Kò tíì fèsì.

Ìdìbò mìíràn ń bọ̀, àwọn tó ń pe ara wọn lákíkanjú yóò tún dé. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n le. Ẹ bi wọ́n ní ìdájọ́ tó dá wọn lẹ́bi tí wọ́n sì tẹ̀lé. Bí wọn kò bá rí ẹyọ kan tọ́ka sí, ẹ di ìka yín mú.

Ní ti ohun tí Àǹtí Mùṣin wí, pé pàṣán nìkan la ń gbọ́, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ BRT ní Òṣòdì lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ó bá àwọn èèyàn tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, àti pé yóò kàn wọ́n. Kò sí sójà kankan níbẹ̀.