Omi Inú Fíláàsì

Ní ọjọ́ ìbí mi tó kọjá, ìyàwó mi fún mi ní àpò kọfí kékeré kan. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń kó owó jọ nítorí rẹ̀. Orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ni wọ́n ti gbìn ín, wọ́n sì rọra yan án ni, kò dúdú rárá. Àwọ̀ ẹ̀pà yíyan ni ó ní. Ìyàwó mi mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara mi lọ kọfí, kí n dà á sínú asẹ́ oníbébà, kí n sì máa rọ omi gbígbóná lé e lórí díẹ̀díẹ̀ títí ife yóò fi kún.

Mo ṣe é, mo tọ́ ọ wò. Ó kan bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Lójú àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó wá kí wa ni mo ti la ẹnu mi, tí mo ní, "Ìyá Àyọ̀, wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì." Kò fèsì. Ó ká ẹnu àpò náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó yóò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gáàsì wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi ń hó nílé wa láàárọ̀. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ni ìyàwó mi máa ń gbé e kaná, tí yóò fi po ògì ọmọ, tí yóò sì rọ ìyókù sínú fíláàsì. Kí ó tó kàn mí ní aago mẹ́jọ, a ti ṣí fíláàsì náà bí ìgbà mẹ́fà. Ooru ṣì ń yọ lójú omi náà, èmi sì gbà pé ó gbóná tó. Kò kúkú dà mí láàmú rí pẹ̀lú kọfí dúdú tí mo máa ń rà lọ́jà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fíláàsì fọ́. Kọfí tèmi ti tán, nítorí náà mo gbé àpò orí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀, mo se omi tuntun, mo sì rọ ọ́ bí ó ti hó tán. Kọfí kan náà ni, asẹ́ kan náà ni. Ó dùn. Adùn rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu mi bí oyin, kíkan díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ sì dà bí ti ọsàn tí ó gbó. Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí.

Àbúrò ìyàwó mi a máa yan kéèkì tà, ó sì ní tẹmómítà ilé ìdáná. Mo yá a. Nínú fíláàsì tuntun tí a rà, omi tí ó hó ní aago márùn-ún ààbọ̀ ti wá sí 79 °C ní aago mẹ́jọ, asẹ́ tútù yóò sì tún mú nínú ìyẹn. Láàárín 90 sí 96 °C ni àwọn tí ó mọ kọfí ṣe máa ń fẹ́ kí omi wà. Ohun tí ó kan nínú kọfí kì í pẹ́ yọ́ sínú omi, kódà bí omi kò gbóná púpọ̀. Adùn ni ó ń lọ́ra, ìkorò ni ó sì ń kẹ́yìn. Omi tí ooru rẹ̀ kò tó yóò kó kíkan jáde, yóò fi adùn sílẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Hóró tí wọ́n kò yan pẹ́ tún máa ń le, kì í tètè tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n yan dúdú rọ̀ ní tirẹ̀. Omi híhó gan-an ni ó máa ń sọ ọ́ di kíkorò, ìdí nìyẹn tí omi fíláàsì fi ń bá a mu. (Ìkorò àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni Melitta Bentz, ìyá ilé kan ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, ń sá fún ní 1908, tí ó fi ya bébà tí a fi ń fa tàdáwà nínú ìwé ọmọ rẹ̀, tí ó fi sẹ́ kọfí.)

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá gba tẹmómítà, mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó. Ojú rẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti kó o jẹ. Mo ní ẹnikẹ́ni kò lu ìyàwó mi ní jìbìtì, omi tèmi ni kò gbóná tó, kí ó má bínú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 79 àti 93.

Ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀, ṣé ẹ ti rí omi fíláàsì tí ó mú ògì dì rí ni?"

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Hóró tí ó kù nínú àpò náà kò ju ti ife mẹ́ta lọ. Mo gbé omi kaná, mo sì lọ gbogbo rẹ̀.