A Bọ́ Káàkí, A Kò Bọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ló ní kí àwa méjì tí ẹ ń pè ní "Bàbá Sójà" ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń ti bárékè bọ́ sí iṣẹ́ ìlú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa nìkan. Kàdúná la wà, ìlú tí olú-ilé-iṣẹ́ Dífíṣọ̀n Kìíní àwọn ológun orí ilẹ̀ wà, tí NDA wà, tí àwọn ológun òfurufú náà sì fìdí kalẹ̀ sí. Ọmọ bárékè pọ̀ láàrin yín. Ọjọ́ tí bàbá yín bá bọ́ káàkí ni ilé ìjọba yóò bọ́ lọ́wọ́ yín, owó iléèwé yín yóò sì di ọ̀rọ̀ àsọlé. Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ ohun tí ojú wa rí.

Ẹ̀ka Signals ni àwa méjèèjì ti ṣiṣẹ́. Depot Zaria la ti kọ́ bí a ti ń yan ní 1994, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ rédíò. Ọ̀kan nínú wa ń tún rédíò ṣe, èkejì ń bójú tó jẹnẹrétọ̀, bátìrì àti wáyà. Ìbọn wà lọ́wọ́ wa bí ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo sójà, ṣùgbọ́n ayọ́n tí a fi ń jó òjé àti mítà tí a fi ń wọn iná ló ń wà lọ́wọ́ wa jù. Ní Sierra Leone ní 1999, a fojú ara wa rí i pé bí rédíò bá kú, ẹni tó gbọgbẹ́ kò ní rí ẹni gbé e, àwọn tó ń kó oúnjẹ bọ̀ kò sì ní mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Láti ìgbà náà ni a kò ti fi iṣẹ́ wa ṣeré mọ́. Ọdún 22 la fi ṣe é. Ní 2016 la gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ ká là á yé yín díẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí a gbé kúrò ní bárékè. Rédíò ọ̀nà jíjìn máa ń ju ohùn sókè, òfurufú á sì dá a padà sílẹ̀ sí ibi tó jìnnà. Lọ́sàn-án, a máa ń lo ìgbì tó ga díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ní dé ibi tó ń lọ. Bí a bá wà lórí megahertz 5, ìgbì kan gùn tó mítà 60, nítorí náà wáyà ẹ́ríà tí a ó ta láti orí igi kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi mítà 30. Bí òjò bá wọ oríkèé wáyà, ohùn á máa ha. Bí wáyà tó wọlẹ̀ kò bá dára, àrá kan ṣoṣo lè sọ gbogbo rẹ̀ di eérú. Òru tàbí ọ̀sán, òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, rédíò kò gbọdọ̀ kú.

Kí sójà tó fẹ̀yìntì, wọ́n a máa rán an lọ sí ibùdó NAFRC ní Òṣòdì l'Ékòó, kó lọ kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe nílé. Wọ́n ń kọ́ni ní ẹja sísìn, adìẹ sísìn, iṣẹ́ wẹ́dà, aṣọ rírán àti kọ̀ǹpútà. Ohun rere ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tuntun kọ́ ló ń wá. Ẹni tí yóò mọ èyí tó ní lọ́wọ́ ló ń wá.

Ẹni náà sì ṣòro láti rí. Oṣù mẹ́jọ la fi kọ lẹ́tà káàkiri. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló pè wá. Ní gbogbo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wo ìwé tí iṣẹ́ ológun fún wa, wọ́n rí "Sájẹ́ǹtì", wọ́n rí mẹ́dàlì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin sójà mọ ilé ṣọ́, ẹ wá bá wa ṣọ́ géètì." Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò kẹ́gàn iṣẹ́ ọlọ́dẹ, ó ń bọ́ ilé púpọ̀. Àmọ́ níbi kẹta tí a lọ, bí ọ̀gá wọn ti ń bá wa sọ̀rọ̀ géètì lọ́wọ́ ni jẹnẹrétọ̀ wọn ń kọ̀ léyìnkùlé, tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń fi agbára ta á. A gbọ́ ìró rẹ̀, a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀. A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè.

Ní gbogbo àkókò yẹn, owó ìfẹ̀yìntì ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. A ti gba ilé sí Kawo, a ti san owó ọdún méjì. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà láàárọ̀. Ọmọ èkejì wà ní kíláàsì tí wọ́n ti fẹ́ san owó WAEC. Àwọn ará ilé ní kí a kó owó tó kù ra bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ní kí a kó ẹrù wa padà sílé. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, gbogbo ọ̀nà ni yóò máa dán wò.

Ilé-iṣẹ́ karùn-ún ni nǹkan ti yí padà. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó òpó tẹlifóònù fún àwọn ilé-iṣẹ́ GSM. Ẹnjiníà obìnrin kan, ọmọ Ìlọrin, ló gba ìwé wa. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó kà á, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo ti rí ipò tí ẹ wà. Kí lẹ máa ń fi ọwọ́ yín ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́?" A sọ fún un. Ó gbọ́ nípa ẹ́ríà, bátìrì, wáyà ilẹ̀, jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ wá fún mi."

A lọ kọ ọ́. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ó yà wá lẹ́nu bí nǹkan ṣe jọra tó. GSM tó wọ Nàìjíríà ní 2001 ń lo megahertz 900 àti 1800. Ní 900, ìgbì kan kò ju sẹ̀ńtímítà 33 lọ. Mítà 60 ti di sẹ̀ńtímítà 33, orí igi ti di orí òpó, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí wọn. Ọkọ̀ ológun ń lo volt 24, ìdí òpó ń lo volt 48, ìyẹn bátìrì volt 12 mẹ́rin tí a so tẹ̀lé ara wọn. Òjò kò gbọdọ̀ wọ oríkèé wáyà. Àrá ṣì ni ọ̀tá. Òpó náà kò sì gbọdọ̀ kú lóru.

Síbẹ̀, ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ìwé-ẹ̀rí tí ará ìlú mọ̀. A jókòó fún ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ dípò ti City and Guilds tó ń wá láti ìlú òyìnbó. A ṣe ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. A tún gbọ́ pé láti 1992 kan náà, ìwé COREN kì í ṣe ti àwọn ẹnjiníà nìkan mọ́, àyè wà nínú rẹ̀ fún tẹkiníṣíànì àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú irun funfun. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n san fún wa kò tó ti sájẹ́ǹtì. A gbà á.

Ìwé rọrùn ju ìwà lọ. Ní bárékè, àṣẹ ló ń wá, ìwọ á sì ṣe é. Níbi iṣẹ́ ìlú, bí o bá rí ohun tó bàjẹ́ tí o dákẹ́ dúró de àṣẹ, wọn á ní o kò mọ iṣẹ́. Ìbéèrè tí a kò gbọ́ rí fún ọdún 22 ni wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́: "Èló ni yóò náni? Ta ni yóò san án?" Ẹnjiníà wa á kúnlẹ̀ kí wa láàárọ̀, yóò pè wá ní bàbá. Tó bá di aago mẹ́wàá, yóò ní a kò di ìdè kan dáadáa, kí a padà gun òpó. A ó gùn ún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ìyá yín ṣì wà nínú káàkí, tó ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe, tó ń tún mọ́tò ṣe, tó ń ya fọ́tò egungun ní ọsibítù ológun, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù ìfẹ̀yìntì. Ẹ bá wọn gba fọ́ọ̀mù ìdánwò nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe, kí ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ẹni tí kò wọ káàkí rí yóò fi gbọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ èdè méjèèjì, ọmọ bárékè ni yín, ọmọ iléèwé sì tún ni yín.

Ẹni tí èyí bá kan, kó mú ìwé bàbá rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bíírò nìkan ni kó mú dání. Àwa yóò mú àkàrà wá láti Kawo.