Ìwé Ọjọ́ Iwájú Lọ́wọ́ Àgbà

Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkòròdú, ti ka Rosewater tí Tade Thompson kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke lọ́dún 2019. Nínú rẹ̀, ní Nàìjíríà ọdún 2066, àjèjì ẹ̀dá kan tó ti ojú ọ̀run wá ń wo aláìsàn sàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ara ènìyàn ń di tirẹ̀.

Bàbá a máa kọ èrò wọn sílẹ̀, wọn a sì gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti kà á fún ọ̀rẹ́ wọn tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi gba ìwòsàn náà.

"Rárá o," ni ọ̀rẹ́ wọn wí. "Ojú tí n kò mọ olówó rẹ̀, kí ni n ó fi wò?"

Bàbá kò gbà. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé ni í tètè sọ ẹni tó fẹ̀yìn tì di arúgbó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi ìwé kún un.