Poliki: Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Kan Nílé Ìyá Àgbà

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ìlú Donostia, ní àríwá orílẹ̀-èdè Sípéènì, kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n àfòmọ́ kékeré kan jẹ́ kí ó mọ bí ó ti jẹ́ òtítọ́ tó.

Ọmọ Basque ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó gbọ́ Euskara, èdè ìran wọn, láti kékeré. Ní àkókò ìjọba Franco, láti 1939 di 1975, wọn kò fi àyè gba èdè náà ní ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì lè jẹ ìyà. Nítorí náà, ìyá àgbà kò fi kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pinnu láti kọ́ ọ, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni ó lọ ní alaalẹ́. Èdè àjùmọ̀lò tí Euskaltzaindia, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè náà, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1968 ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé dùn mọ́ ọn púpọ̀. Lójú rẹ̀, òfin kan ṣoṣo ni ó wà: mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe, kí o sì fi àfòmọ́ ìparí -ki kún un. Eder ni "ẹlẹ́wà"; ederki ni "lọ́nà tí ó dára púpọ̀". Berri ni "tuntun". Berriki ni "láìpẹ́ yìí". Gaitz ni "burúkú". Gaizki ni "lọ́nà tí kò dára".

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ kí ìyá àgbà ní abúlé. Àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyá náà sílẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Síbẹ̀, ó ń fi Euskara sọ ìtàn oko èso ápù tí bàbá rẹ̀ ní. Ìtàn náà dùn mọ́ ọmọ, ó sì fẹ́ yìn ín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn-ún gbọ́. Ó rántí polit, "arẹwà", ó fi -ki kún un, ó ní: "Poliki hitz egiten duzu, amona."

Ìyá àgbà dákẹ́. Nígbà tí yóò fi dáhùn, èdè Sípéènì ni ó lò: ó ní àìsàn ni ó fà á. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sọ Euskara mọ́.

Olùkọ́ ni ó tú ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́jọ́ kejì. Lóòótọ́, inú polit ni poliki ti jáde, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ohun tí ó túmọ̀ sí lónìí ni "jẹ́jẹ́, láìyára". Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé, "Ọ̀rọ̀ yín ń falẹ̀, ìyá àgbà." Polito tàbí ederki ni ì bá lò. Olùkọ́ fi kún un pé on, "dára", di ondo lẹ́nu àwọn kan, ó sì di ongi lẹ́nu àwọn mìíràn, méjèèjì sì tọ̀nà. Àti pé azkar, "yára", kì í sábà gba àfòmọ́ rárá. Òfin lè la ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu elédè ni a ti ń gbọ́ bí wọ́n ti ń lò ó.

Èyí kò ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ohun pupa a máa pupa fòò, ohun funfun a máa funfun báláú, ohun dúdú a sì máa dúdú kirikiri. Òfin wo ni ó lè sọ fún àlejò pé fòò kò gbọdọ̀ tẹ̀lé dúdú? Àfi kí ó jókòó ti àwọn tí ó ni èdè.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́mọbìnrin náà padà sí abúlé. Kò ṣe àlàyé gígùn. Ó ní: "Ederki hitz egiten duzu, amona. Nik gaizki." Èyí ni pé, "Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ìyá àgbà. Èmi ni tèmi kò dára."

Ìyá àgbà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi èdè ìran rẹ̀ dáhùn: "Poliki-poliki." Díẹ̀díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn oko ápù náà láti ibi tí ó ti dá a dúró.