Shortcut Kì Í Ṣe Fáìlì

Laptop tí àwa mẹ́ta jọ ń lò ń wọ́ bí ìgbín. A ní ẹrù ojú desktop ló pọ̀ jù, la bá kó iṣẹ́ wa sínú Documents, a fi shortcut rọ́pò wọn. Kò yára sí i.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ máa gba iṣẹ́ wa lórí ìjálá, a gbé e sínú flash, a sáré lọ tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí! Shortcut la gbé, KB 2 péré. Iṣẹ́ gan-an wà ní họ́sítẹ̀lì. Máàkì 5 lọ.

Ó wá yé wa: shortcut kàn ń júwe ilé ni, kì í ṣe ilé. Fódà ni desktop náà. Fáìlì tí a kò ṣí níbẹ̀ kì í jẹ RAM. Ojú ewé 20 tí a ṣí kalẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ ẹ́. A tì wọ́n, laptop yá.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tí ẹ gbé kí ẹ tó jáde o.