Omi Pàdé Ọtí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èdè ni mo ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ kẹ́mísírì ní Yorùbá kò lè sọ iṣẹ́ òun. Mo ní kí ó dán an wò.

Ó ní bí a bá da mílílítà 50 ògidì ọtí mọ́ mílílítà 50 omi, àpapọ̀ wọn kì í pé 100. Díẹ̀ ni yóò fi lé ní 96. Wóró inú wọn, tí ojú kò lè rí, ni ó fún mọ́ra tí ó sì dì mọ́ra. Ìdìmọ́ra náà a sì mú kí ife gbóná.

Bí a bá ń sè é láti yà wọ́n, bí ẹni ń se ògógóró, ọtí ni yóò máa ṣáájú jáde, ṣùgbọ́n omi kì í fi í sílẹ̀ tán. Bí ọtí bá ti tó nǹkan bí 95.6 nínú ìwúwo 100, àwọn méjèèjì yóò jọ máa hó ní ìwọ̀n 78.2 ti Celsius. Sísè lásán kò yà wọ́n mọ́.

Mo bi í pé èdè wo ni ó fi sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa. Kíkọ sílẹ̀ ni ó kù.